Ọ̀gá Ṣé-Dáadáa-Ni

Ọ̀gá àgbà àwọn sójà apẹ̀tùsááwọ̀ gbọ́ èdè wa. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bá a jiyàn. Gbólóhùn kan ló gbọ́: "Ṣé dáadáa ni?" Ó mọ èsì rẹ̀ náà: "Dáadáa ni, a dúpẹ́." Ó ń gbé gbólóhùn yìí kiri bí ẹni tó ra bàtà tuntun, láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, títí àwọn èèyàn fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ṣé-Dáadáa-Ni. Ó gbọ́ orúkọ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé oyè ni.

Ògbufọ̀ rẹ̀, obìnrin kan tí kì í pariwo, ló kọ́ ọ ní gbólóhùn náà lọ́jọ́ tó dé. Ohun tí èèyàn ń kọ́kọ́ kọ́ àlejò nìyẹn. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà yóò sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí yóò máa fi wọn ogun.

Ohun tó sì ń ṣe nìyẹn. Á kí èèyàn, wọ́n á dá a lóhùn, á wá ránṣẹ́ sí àwọn tó rán an wá pé àwọn ará ìlú ní nǹkan ti dára. Ta ni yóò sì la ojú sílẹ̀ sọ fún àlejò láàárín títì pé kò dára? Ẹni tí ilé rẹ̀ jó lánàá, bí o bá kí i láàárọ̀ yìí, á ní a dúpẹ́.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, nǹkan dára díẹ̀. Àwọn sójà àjèjì tó wá ṣáájú wọn gbè sẹ́yìn apá kan nínú àwọn tó ń jà. Bàlúù wọn ń ju bọ́ǹbù, apá kejì náà wá ìbọn tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì sin òkú títí ọwọ́ ṣọ́bìrì fi ṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbé ọkọ̀ funfun wọn sórí afárá, wọ́n jókòó, wọ́n ń yán. Yíyán yẹn lágbára o! Láti ìgbà tí wọ́n ti ń yán níbẹ̀ ni àwọn oníbọn kò ti sọdá mọ́, tí àdúgbò òdìkejì odò sì ń rí oorun sùn. Àmọ́ láti àwọn abúlé òkè odò, níbi tí kò sẹ́ni tó ń bá wọn yán, ìròyìn burúkú kò dáwọ́ dúró. Ikú kò kú. Ó kó ẹrù lọ sókè odò ni.

Òdìkejì odò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ògbufọ̀ ń gbé. Búrẹ́dì ló ń ṣe, ilé rẹ̀ sì ni èèyàn máa kọ́kọ́ kàn tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá. Kí àwọn sójà tó dé, ẹnu ọ̀nà ilé náà ni àwọn oníbọn ti pa ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

Nígbà tí ògbufọ̀ gbọ́ ní ọ́fíìsì pé aṣojú kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rán Ọ̀gá wá ń bọ̀ wá wò ó bóyá kí wọ́n kó àwọn sójà kúrò lórí afárá, ó sáré sọdá. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń bọ̀ wá kí yín lọ́la. Ọ̀gá ní kí n má ṣe ògbufọ̀, òun fẹ́ fi èdè dárà fún àlejò òun. Tó bá bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé kò dáa."

"Kí ni kò dáa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Mo ní kí ni kò dáa? Kí n dúró níta, kí n máa sunkún ọkọ fún ọkùnrin tí kò lè fi èdè wa ra iyọ̀? Ìyá wa ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ ìyá mìíràn ló bí ìwọ."

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ta ló dákẹ́? Mò ń dá a lóhùn ni. Gbé àwo yẹn fún mi, ìwọ lọ́yà."

Ó gbé e fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó kù díẹ̀ kó kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ti tó. Màá sọ ọ́."

Aṣojú dé lọ́jọ́ kejì, ó ga bí òpó iná, ó ń nu òógùn. Ọ̀gá ṣíwájú, àwọn àmì ẹ̀yẹ ń ró wọnran wọnran láyà rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni ògbufọ̀ wà. Níwájú ilé búrẹ́dì, Ọ̀gá tẹrí ba, ó ṣe ohùn bí ẹni tó fẹ́ dá orin:

"Màmá, ṣé dáadáa ni?"

Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wo àlejò méjèèjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí oòrùn ń pa. Ó la ẹnu.

"Dáadáa ni o, ẹ̀yin ọmọ mi. A dúpẹ́."

Ló bá wọlé lọ mú búrẹ́dì gbígbóná wá fún wọn.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún aṣojú, ọwọ́ láyà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni ògbufọ̀ wí, "bí a ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, kò túmọ̀ sí pé…"

"Mo gbọ́ ọ," ni Ọ̀gá dá a lóhùn. "Mo gbọ́ èdè yìí."

Kò pẹ́ tí àṣẹ fi dé. Láàárọ̀ tí àwọn sójà ń kó lọ, ẹ̀gbọ́n ti po ìyẹ̀fun tán kó tó gbọ́ ìró ọkọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé àwo ìyẹ̀fun rù, ó kó agolo tó fi ń yan búrẹ́dì dání, ó sì tẹ̀ lé ọkọ̀ tó kẹ́yìn gun afárá. Àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹní àti àga. Ògbufọ̀ ti sáré wá gba agolo búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá, tó wà nínú ọkọ̀ tó kẹ́yìn náà, rí wọn nínú dígí. Ó rò pé wọ́n wá sin òun sọ́nà ni, orí rẹ̀ wú. Ó ní kí dírẹ́bà dúró, ó yọrí síta.

"Màmá, ṣé dáadáa ni?"

"Kò dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Èsì yẹn kò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó yíjú sí ògbufọ̀ láti béèrè: "Kí ló wí?"

Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, láìfi oyin sí i. Ọ̀gá wo afárá tí ọkọ̀ funfun kankan kò dúró sí mọ́ lẹ́yìn wọn, ó fa orí wọlé. Dírẹ́bà tí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ náà fi ọkọ̀ sí jíà, wọ́n lọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?" ni ògbufọ̀ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọjọ́ yẹn, àlejò ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Bá mi di ẹ̀gbẹ́ kan àwo yìí mú, ọrùn ń dùn mí."

Lẹ́yìn wọn, àwọn aládùúgbò ti ń tẹ́ ẹní síbi tí àwọn sójà ti máa ń jókòó yán. Ìyẹ̀fun ti wú, ó ti fẹ́ máa ya dànù.