Ẹranko tí Ìyá Ṣọpẹ́ fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí

Kò sẹ́ni tó rán Olúfọlákẹ́ níṣẹ́ pé kó dìde jẹ́rìí lọ́jọ́ Sunday yẹn. Ẹnu ara rẹ̀ ló kó o sí wàhálà. Obìnrin tó ti ń wọ sùtánà láti kékeré, tó mọ ìṣe ìjọ Aládùúrà ju bó ṣe mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Dagenham nílùú òyìnbó lọ, ó yẹ kó mọ̀ pé a kì í lá àlá ẹranko oníwo ká wá máa rò ó níwájú àwọn aríran. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, inú dídùn kì í sì í jẹ́ kéèyàn ṣọ́ ẹnu.

Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ó ní tó bá di Ọjọ́bọ̀, òun àti Ṣọpẹ́ ọmọ òun á wọ bàálù lọ sí Kenya, lọ wo ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní sitatúngà, àti pé òun ti ń rí ẹranko náà lójú àlá, tòun tìwo lórí. "Ẹ bá mi yin Olúwa!" Ìdajì ìjọ ké halelúyà. Ìdajì kejì ń wo ara wọn lójú.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ ẹranko yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà rò pé orí obìnrin náà ti dàrú. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe ní Barking. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ará Íńdíà kan tí wọ́n bí sí ìlú Kitale ní Kenya, kì í fẹ́ jẹun àyàfi tó bá ń sọ̀tàn. Ìyá náà ní gbogbo ayé ló ń sáré lọ wo kìnnìún. Wọ́n á jókòó sínú mọ́tò, mọ́tò rẹpẹtẹ á wá yí kìnnìún kan ṣoṣo ká bí ẹni pé ó jalè. Àmọ́ sitatúngà tó jọ ìgalà yìí, tí pátákò rẹ̀ gùn gbọọrọ tó fi ń rìn lórí àbàtà tí kò rì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń náwó lọ sí sáfárì ni kò rí i rí títí wọ́n fi padà sílé. Mọ́tò ò dé ibi tó wà. Inú àbàtà Saiwa ni, nítòsí Kitale. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń wọ ibẹ̀, orí pátákó ni wọ́n ń tọ̀ láàárín koríko, wọ́n á wá gun àkàbà lọ sórí pèpéle onígi kan, wọ́n á jókòó. Ìdájí ló dáa jù, tàbí ìrọ̀lẹ́. Aṣọ funfun ò gbọdọ̀ sí lára, ọ̀rọ̀ ò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu. "Tó bá wù ú kó o rí òun, wàá rí i," ni ìyá náà máa ń sọ, tí á sì la ẹnu kí Olúfọlákẹ́ fi ṣíbí kan sí i. Ìyá náà ti kú báyìí. Olúfọlákẹ́ ló bá a pa ojú dé.

Kò pẹ́ sí i ni ojú tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ìjọ̀ngbọ̀n. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, wọ́n ní gúlúkómà ni, pé ìríran rẹ̀ ń fún wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Oògùn tí yóò máa kán sí i lè fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ò ní padà. Ohun tó kù fún un kò fi bẹ́ẹ̀ ju kí èèyàn máa yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Olúfọlákẹ́ ò sunkún. Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e padà bọ̀ sí Dagenham Heathway ló ti bi ara rẹ̀ pé kí ló kù tí ojú òun ò tíì rí. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn, inú àbàtà ló sì wà.

Bí àṣà ìjọ wọn, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò á gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ fún wòlíì, wòlíì á gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n á gbàdúrà sí i. Olúfọlákẹ́ ti gbé tirẹ̀ àti ti Ṣọpẹ́ lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Nígbà tó jẹ́rìí tán, Wòlíì Adétúnbọ̀, olórí ìjọ, dìde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ìyá Ṣọpẹ́, kẹ́ ẹ tó la ẹnu yín rárá ni mo ti rí i nídàájí òní. Ẹranko kan dúró sínú omi. Ìwo rẹ̀ lọ́ pọ̀. Àmì funfun wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ló ń wò, ẹsẹ̀ yín ò sì kúrò nílẹ̀. Ẹ ò ní lọ. Àwọn ìwé yìí ò ní kúrò lórí pẹpẹ títí Ọlọ́run á fi ṣẹ́gun."

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹ wo bí ẹnu ṣe ń yá àwọn èèyàn sí àmín nígbà tí kì í bá ṣe bàálù tiwọn ló fẹ́ lọ!

Adétúnbọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló jókòó ti Olúfọlákẹ́ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò kú. Ìfẹ́ ló mú kí ẹ̀rù bà á. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro, torí ó rọrùn láti kọ̀rọ̀ sí ọ̀tá lẹ́nu.

Ṣọpẹ́ fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Mummy, please, jẹ́ ká sún un síwájú. We can go next year."

"Next year? Ojú ta ni mo fẹ́ fi wò ó next year, Ṣọpẹ́? Ṣé tìẹ?"

Ìyá rẹ̀ dìde, ó kọrí sí pẹpẹ.

Irin kan ló dá pẹpẹ yà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìjọ náà sílẹ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù vọkanáísà kan, obìnrin kankan ò kọjá irin náà rí. Olúfọlákẹ́ ló ń nù ún lọ́jọ́ Saturday. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Ṣọpẹ́! Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, àga iwájú ti bọ́ lọ́wọ́ yín o."

"Ẹ fún ẹlòmíì, Bàbá."

"Mo ní mo rí i! Mo rí ẹranko náà!"

"Ẹ̀yin ti rí i. Èmi náà ń lọ wò ó. Ìròyìn ò tó àfojúbà."

Ó kọjá. Kò rí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ìka ẹsẹ̀ gbá a, ẹnì kan sì kígbe "Jésù!" lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó fọwọ́ wá orí pẹpẹ kiri títí ó fi kan ìwé méjèèjì. Ó mú tirẹ̀, ó fi ìkejì sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ṣọpẹ́, tó o bá fẹ́ lọ, wá mú tìẹ."

Ṣọpẹ́ wo wòlíì, ó wo ìyá rẹ̀. Ó dìde láìwọ bàtà, ó rìn lọ títí, òun náà kọjá irin.

Àbàtà Saiwa rí bí ìyá ará Íńdíà ṣe sọ. Wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti rà lọ́jà East Street kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n gun pèpéle nídàájí, wọ́n ò rí nǹkan kan àfi ẹyẹ. Wọ́n padà nírọ̀lẹ́, wọn ò tún rí i. Ní ìdájí kejì, ọkùnrin tó ń mú wọn kiri ń nàka sọ́tùn-ún sósì, Ṣọpẹ́ ń yí ọrùn tẹ̀lé e. Olúfọlákẹ́ ò lè ṣe ìyẹn. Ojú kan ló ń wò, ibi tí omi ti mọ́ díẹ̀ láàárín koríko, ó sì ranjú mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù nínú ojú rẹ̀.

Koríko yà. Ó jáde sínú omi.

Akọ ni. Omi mù ún dé orúnkún, irun rẹ̀ hunhun, ó tutù. Ó gbé orí sókè, ó wo pèpéle. Olúfọlákẹ́ fẹ́ sún mọ́ etí igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, torí kò fẹ́ kí ọwọ́ ara òun dí òun lójú. Ọwọ́ Ṣọpẹ́ kàn wà nínú tirẹ̀ títí ẹranko náà fi jẹ koríko tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó padà wọlé.

Ní Sunday tí wọ́n dé, ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Nígbà tó kan ẹ̀rí, kò sẹ́ni tó pè é. Olúfọlákẹ́ dá ara rẹ̀ pè.

"Mo lọ. Mo rí i. Mo padà dé." Ó jókòó.

Ìsìn parí, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń yẹra fún omi ọ̀nà. Wòlíì Adétúnbọ̀ ló ṣẹ́kù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé.

"Ṣé ó ní ìwo?"

"Ó ní, Bàbá. Ó lọ́ pọ̀."

"Inú omi ló dúró sí?"

"Omi dé orúnkún rẹ̀. Àmì funfun wà lójú rẹ̀. Èmi ló ń wò, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò nílẹ̀. Ìran yín ò parọ́. Ohun tẹ́ ẹ rí gan-an ni mo rí. Ẹ̀rù ló ba ẹ̀yin, inú tèmi sì dùn."

Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí sùtánà.

"Ẹ padà sórí àga yín níwájú, Ìyá Ṣọpẹ́."

"Rárá o, Bàbá," ni Olúfọlákẹ́ wí, ó sì na ọwọ́ kí Ṣọpẹ́ fà á dìde. "Èmi ti rí ohun tí mò ń wá. Ẹni tí ò tíì rí tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún ní iwájú."