Ó Ní Ata Ni

"Ata ni," ni Bàbá Sítóò dáhùn kí dókítà tó béèrè tán. "Ata inú ọbẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ irú ọbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé fún aláìsàn."

Ẹni tó ń bá wí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ike omi mú. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni, Ìyàwó náà sì ni gbogbo ilé ń pè é. Ọdún méjì rèé tó ti ń wá láti ilé tirẹ̀ lójoojúmọ́ láti dáná fún àwọn àgbà méjèèjì. Ẹyọ ata kan péré ló gún sí ọbẹ̀ náà, ó sì ti yọ kóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì wo ni ìyàwó ilé fẹ́ fún bàbá ọkọ rẹ̀ níwájú dókítà? Ó wo ilẹ̀.

Aya Bàbá Sítóò ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, obìnrin tí àdúgbò ń pè ní Tíṣà. Ó fi ọgbọ̀n ọdún di ọwọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mú kí wọ́n lè mọ̀wé kọ. Àmọ́ láti ọdún mẹ́fà ni ìka tirẹ̀ ti wú, tí wọ́n ti wọ́, tí kò lè di ẹfun mú mọ́. Làkúrègbé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ọjọ́ orí ń mú wá. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbógun ti oríkèé rẹ̀. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ oríkèé nìkan. Ẹnu rẹ̀ ti bó láti ọjọ́ márùn-ún, omi lásán kò ṣeé gbé mì, inú ń rún un, nígbà tó sì yàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni.

Dókítà náà, obìnrin kan tí kò ju Ìyàwó lọ lọ́jọ́ orí, tẹ ikùn Tíṣà jẹ́jẹ́. Ó ní ata lè ta sí egbò, ṣùgbọ́n kò lè dá irú egbò yìí sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ní irú làkúrègbé yìí, àìsàn náà lè dé inú ìfun rẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ náà sì lè dá egbò sí i látẹnu títí dé ìdí. Nítorí náà, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí gbogbo oògùn tí Tíṣà ń lò, nínú páálí wọn.

Bàbá Sítóò ní kò sí páálí, inú ìgò ni òun ń kó wọn sí.

"Ẹ sáré kó ìgò náà wá, Bàbá," ni dókítà sọ, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí ìwé fún un. "Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ pè mí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Bí mi ò bá mọ ohun tó mu, mi ò mọ ohun tí mo lè fi lé e."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Sítóò fi tọ́jú ẹrù ní sítóò ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páìpù omi. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ náà, ibẹ̀ ló sì ti kó ìwà náà wálé. Ẹrù kì í sùn nínú páálí lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò tú u, yóò kà á, yóò dà á sínú ohun tirẹ̀, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lébẹ́ẹ̀lì lé e, yóò sì dáná sun páálí kí ẹnikẹ́ni má baà fi páálí òfìfo tan òun jẹ. "Ohun tí mi ò bá tú, mi ò tíì gbà á," ló máa ń wí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò rí nọ́ọ̀tì àti bóòtì páìpù kà mọ́, ó kọjú sí ilé ìdáná. Iyọ̀ kò bọ́, ṣúgà kò bọ́, oògùn ìyàwó rẹ̀ náà kò bọ́. Tíṣà ti sọ fún un nígbà kan pé kó fi oògùn sílẹ̀ síbi tí àwọn tó ṣe é kọ ọ̀rọ̀ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá ó fẹ́ wá kọ́ òun níṣẹ́ sítóò. Tíṣà fi í sílẹ̀, nítorí ìka tí kò lè ṣí ìgò, kí ló fẹ́ fi jà?

Ìgò méjì ló wà lórí pẹpẹ. Ó kọ "Lójoojúmọ́" sára ọ̀kan, ó kọ "Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀" sára èkejì. Oògùn ọ̀sẹ̀ ló lágbára, òun ni wọ́n kìlọ̀ rẹ̀ fún wọn gidi ní ọsibítù pé ẹyọ kan péré ni, ní ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan. Èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kàn ń ran ara lọ́wọ́ kó lè gba èyí tó le ni. Oògùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún wọn: méjìlá ti ọ̀sẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti ojoojúmọ́. Hóró méjèèjì kéré, méjèèjì sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pupa inú ẹyin adìẹ.

Ó gbé ìgò Lójoojúmọ́. Hóró kan ló kù nínú rẹ̀. Ní ìjẹta, bí ẹni tó ti gbàgbé iye tó kà, ló ṣì ń kùn pé àwọn apoògùn rẹ́ òun jẹ, pé òun yóò lọ bá wọn jà. Ó wá da ìgò kejì sórí tábìlì, ó kà á, ó tún un kà. Méjìlélọ́gọ́rin ni, níbi tí kò yẹ kó ju mẹ́wàá lọ.

Bàbá Sítóò jókòó. Ó lè tan ènìyàn, kò lè tan iye. Òun ló lẹ lébẹ́ẹ̀lì sódì. Fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi oògùn ọ̀sẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ní àràárọ̀, tó ń wí pé, "Gbé e mì, Tíṣà, kí ara lè le."

Fóònù wà nínú àpò àyà rẹ̀, nọ́ńbà dókítà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pè é. Ó ń ro ohun tí àdúgbò yóò wí, ó ń ro ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò wí, ó ń ro àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fi í búra pé bóòtì kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó gbìyànjú láti ṣí lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì kó pààrọ̀ wọn, gọ́ọ̀mù kò gbà fún un. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó sunkún. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òun sunkún ní tirẹ̀, kò ríran. Wákàtí kan àbọ̀ kọjá kó tó dìde.

Ní ọsibítù, ó fa dókítà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ̀ẹ́ kí ará ilé gbọ́. Dókítà kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà tán. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó dárúkọ oògùn kan, nọ́ọ̀sì sì sáré. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí i.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀, Bàbá?"

"Ìsinsìnyí náà ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

Ó ní fóònù òun ti kú. Bí Ọlọ́run ti ń ṣe nǹkan rẹ̀, ibẹ̀ ni fóònù náà ti dún nínú àpò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń pè láti ẹnu iṣẹ́, ó fẹ́ mọ ohun tó ṣe ìyá òun. Dókítà dúró, ó ń wò ó. Bàbá Sítóò kẹ̀yìn sí i, ó rọra sọ sínú fóònù pé ikùn ni, pé ata ni. Ó burú, mo mọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ti pe ìyàwó rẹ̀, ó sì ti sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tí ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Tíṣà fi wà láàárín ikú àti ìyè. Wọ́n fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára. Ahọ́n rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ kò ṣeé sọ. Ìyàwó ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, òun ló ń fi òwú tútù pa á létè. Bàbá Sítóò ń wá ní ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀ dáadáa, yóò jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, yóò máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ata fún àwọn tó bá wá kí wọn. Ìyàwó yóò jáde lọ pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹnu Tíṣà ti jinná díẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ dá a sílẹ̀, Ìyàwó sì ti lọ gba ìwé. Tíṣà ní kí ọkọ òun sún mọ́ òun.

"Dókítà ti sọ fún mi," ló wí.

Ó ní iṣẹ́ èṣù ni.

"Mi ò bínú oògùn. Ọwọ́ máa ń ṣì. Ṣé ẹ ti sọ fún Ìyàwó?"

"Mo ti sọ fún un."

Tíṣà tọ́ka síbi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí. "Ó wẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí. Nígbà tó nu ara mi tán, ó kúnlẹ̀ síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, ó ní kí n dárí ji òun nítorí ata."

Ojú ti Bàbá Sítóò, ó sì ń bínú pé ojú ti òun. Tíṣà ní òun ò sọ pé kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó bẹ ẹnikẹ́ni, kó ṣáà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ náà bó bá ti wọlé. Ó ní torí ìyẹn ni òun ò fi tíì sọ ọ́ fún un.

Ìyàwó wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Bàbá Sítóò la ẹnu. Tíṣà tẹjú mọ́ ẹnu náà bó ṣe máa ń wo ọmọ tó fẹ́ ka ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé.

"Mo ti jẹun," ló sọ.

Tíṣà di ojú, ó là á. "Ìyàwó, kì í ṣe ata. Bàbá ló lẹ lébẹ́ẹ̀lì oògùn mi sódì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dé ibí ni Bàbá ti mọ̀. Ilé tìrẹ ni mò ń bá ọ lọ."

Ìyàwó wo bàbá ọkọ rẹ̀, ó ń retí kó sọ pé irọ́ ni. Kò sọ ọ́. Ìyàwó dìde lórí ìkúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kó dìde. Ó ká aṣọ Tíṣà, ó kó o sínú báàgì, ó sì fún un ní èjìká rẹ̀ kó fi gbé ara dúró. Bàbá Sítóò na ọwọ́ sí báàgì náà, ṣùgbọ́n Ìyàwó ti gbé e.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà," ló wí fún un, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀.