Awọ Ẹkùn Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Adìẹ

Lọ́dún 1988, àrùn lúkúlúkú pa gbogbo adìẹ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbébọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Nígbà tí ó pamọ, mo mọ̀ pé bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá yè, mo tún di olówò adìẹ. Bí wọn kò bá yè, ó parí. Mo po aró láti fi kun ìyẹ́ wọn bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, nítorí àwòdì máa ń ṣọ́ra fún òròmọdìẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì sí i.

Ògúndìran, ọkọ mi, kọ̀ jálẹ̀.

"Ìyá Tijésùnimí, ilé ọdẹ nìyí. Bọ̀dá ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́la. Ṣé òròmọdìẹ aláró ni wọn ó wá bá nílé mi?"

Ó da aró náà sí gọ́tà, aró tó jinná dáadáa. Ó wá gbé awọ ẹkùn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ.

"Ẹkùn ni baba ẹranko. Bí àwòdì bá rí i, ilẹ̀ Tápà ni yóò sá dé."

"Ẹyẹ ni àwòdì, Bàbá Tijésùnimí. Ìgbà wo ni ẹkùn gòkè lọ bá a jà?"

"Kí lo mọ̀ nípa ẹkùn?"

"Adìẹ ni mo mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ọládépò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé oúnjẹ fún wọn, mo sì lọ ra èérí àgbàdo fún àwọn adìẹ ní ọjà Takie. Nígbà tí mo padà, àwọn méjèèjì ṣì jókòó lábẹ́ máńgòrò.

"Ẹkùn a fò mọ́ ẹran lọ́rùn, a gbé e gun igi!" ni Ọládépò ń wí. "Àwòdì ńkọ́? Olè lásán!"

Àgbébọ̀ mi kọrí sí ilé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ mi awọ náà. Adìẹ ké, ó sá padà sí gbangba, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá!" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Adìẹ pàápàá mọ ẹkùn!"

Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí àwòdì fi já wálẹ̀. Ó gbé ọ̀kan. Àgbébọ̀ tún sáré síbi ilé, ó rí awọ, ó tún padà. Àwòdì yí po, ó gbé òmíràn. Kí ọkọ mi tó mú ìbọn jáde, ojú ọ̀run ti mọ́ kedere.

Mo já awọ náà bọ́ sílẹ̀.

"Má fà á ya o! Ogún bàbá mi ni!"

"Ogún tèmi ni àwòdì ń gbé lọ yẹn!"

"Ìyàwó, rọra," ni Ọládépò wí. "Ẹkùn kì í ṣe ohun àfọwọ́—"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹkùn tí ẹ ń yìn ti kú. Àwòdì ṣì wà láàyè. Adìẹ tó yẹ kó wọlé gan-an lẹ dẹ́rù bà!"

Mo kó àgbébọ̀ àti àwọn ọmọ tó kù sínú apẹ̀rẹ̀.

"Níbo lò ń kó wọn lọ?"

"Ilé Marufat, ọ̀rẹ́ mi. Ibẹ̀ ni n ó ti máa sìn wọ́n."

"Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ pé ẹkùn lé wa jáde."

Ọládépò wo àbúrò rẹ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ karí, mo jáde.