Bí Wọ́n Ṣe Wo Jàmílàt Sàn

Ọjọ́ tí katakata Bàbá Ọlọ́rundáre, onílẹ̀ tó fún Jàmílàt àti ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ dáko, hú kòkó ọdún mẹ́sàn-án tí Jàmílàt gbìn sí abúlé Ajue ni ohùn Jàmílàt wábi gbà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Saheed ọkọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Ọ̀rẹ̀, lẹ́yìn gáréèjì.

Olúwagbénga ló ń tọ́jú àwọn tí ìrònú dà láàmú níbẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń bọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣì ń gbóná.

"Mà, èèyàn kì í ṣe orí nìkan," ó ní. "Odindi yín la máa tọ́jú: ara, ọkàn, oúnjẹ, oorun, àdúrà, ẹbí. A ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Jàmílàt. Ó ń retí kó kan oko.

Kò kan oko. Olúwagbénga ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ Jàmílàt fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀fọ́ wá fún àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá títì Ọ̀rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní kó máa rìn nínú igbó láàárọ̀, kí ara lè tù ú. Jàmílàt fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Igbó wo? Èyí tí wọ́n ti hú? Lẹ́yìn náà ló wá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí. Ọdún méjìlélógójì ni Jàmílàt ti ń mí láìní olùkọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Olúwagbénga ní ó yẹ kí wọ́n pe alátìlẹ́yìn aláìsàn. Ta ló lọ pè? Bàbá Ọlọ́rundáre fúnra rẹ̀, àgbà ìjọ Aládùúrà, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ kan páànù ilé ìtọ́jú náà. Bàbá wọ aṣọ funfun wọlé, ó gba àga tó ní tìmùtìmù.

"Ọmọ mi, ẹ̀mí burúkú ló di ahọ́n rẹ," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ méje ni mo fi gbààwẹ̀ nítorí rẹ."

Olúwagbénga kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn ní alátìlẹ́yìn gidi.

Jàmílàt kọjú sí Bàbá, ohùn rẹ̀ sì jáde.

"Bàbá, ṣé ẹ̀mí burúkú náà ló wa katakata?"

Saheed di apá rẹ̀ mú. Jàmílàt gbọn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dànù.

"Dókítà, ẹ béèrè oorun mi, ẹ béèrè oúnjẹ mi, ẹ tún wá ń kọ́ mi ní mímí. Oko mi ńkọ́? Ẹni tó hú u ló jókòó yìí. Ẹ bi í!"

Olúwagbénga wo Bàbá, ó wo páànù lókè, ojora mú un. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe dédé là.

"Ó sọ̀rọ̀!" Ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ ò rí i? Ìtọ́jú odindi ti jẹ́!"

"Ògo f'Ọlọ́run," ni Bàbá wí. Ó gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó jáde láìwo ojú Jàmílàt.

Lórí ọ̀kadà ni Jàmílàt ti sunkún, ẹkún tí kò rí sun láti ọjọ́ yìí wá. Saheed kò ní kó dákẹ́.

Kò sì dákẹ́ mọ́. Abúlé sí abúlé ló ń ro ẹjọ́ náà fún àwọn àlejò tó ń dáko bíi tiwọn, títí kò fi sẹ́ni tó fẹ́ gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ Bàbá mọ́. Òun àti Saheed rí ilẹ̀ mìíràn lọ́nà Agbabu.

Olúwagbénga ránṣẹ́ pè é níbẹ̀. Ó fẹ́ kó bá òun dé Àkúrẹ́, kó wá jẹ́rìí sí bí òun ṣe wò ó sàn. Jàmílàt ní kí ẹni tó rán wá bá òun kí i. Òjò ti rọ̀, ọwọ́ òun dí lóko.