Aṣọ Àwọn Tó Ń Hú Ilẹ̀

"Ó tún gòkè sí i," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òjé, májèlé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín Dúdú, kò lọ sílẹ̀ rárá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé wọ́n ti ń kó ilẹ̀ olóró yẹn kúrò?"

"Wọ́n ń kó o," ni aránṣọ, ìyá Dúdú, dáhùn. "Wọ́n ń wọ́n omi sí i kí eruku má baà fò. Ọmọ mi kì í dé ìtòsí ibẹ̀."

"Á jẹ́ pé ẹnì kan ló ń gbé e wọlé wá bá a. Ẹ lọ wá a. Tí ẹ bá ti dá a dúró, ara ọmọ á máa lé e jáde fúnra rẹ̀."

Aránṣọ pọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń rò ó bọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bátìrì tó wà lẹ́yìn ilé wọn kógbá sílé, òjé ló fi sínú ilẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó fura títí àwọn ọmọ àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ní báyìí, wọ́n ń hú ilẹ̀ náà, wọn yóò da iyẹ̀pẹ̀ tuntun sí i, wọn yóò sì sọ ọ́ di pápá ìṣeré. Inú gbogbo ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n ti ìyá ọkọ rẹ̀ yàtọ̀. Àràárọ̀ ni ìyá ń ṣàdúrà fún katakata tó ń hú ilẹ̀ náà, àfi bíi pé òun ló bí i.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ìyá níbi tó ti ń sá ẹ̀wù àti ṣòkòtò iṣẹ́ sórí okùn. Nínú báàfù tí wọ́n fi ń wẹ Dúdú, omi pọ́n kuku.

"Màámi, aṣọ ta nìyí?"

"Tàwọn ọmọ mi tó ń hú ilẹ̀ ni. Fóòmàn wọn ní ibi iṣẹ́ ọ̀hún ni kí wọ́n ti máa fọ̀ ọ́, àmọ́ wọ́n ń kó o fún mi tí kò bá sí nítòsí. Ṣé mi ò wá ní lè fọṣọ fún àwọn tó ń gba ọmọ mi sílẹ̀?"

"Inú báàfù yìí lẹ ti ń fọ̀ ọ́?"

"Ṣé kò tóbi tó ni?"

Aránṣọ wo omi inú báàfù náà. Ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ ẹni pé ọpẹ́ tó ń dá ló ń ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀ léṣe? Ó rò ó pé kí òun bẹ fóòmàn kó wá kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn yóò pọ̀ jù fún àgbàlagbà.

"Mo ti gbé omi ìwẹ̀ Dúdú kaná," ni ìyá ń wí. "Jẹ́ kí n da èyí nù, kí n wẹ̀ ẹ́."

"Ẹ dúró, Màámi." Ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Òjé ilẹ̀ yẹn ló lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn. Òun ló wà nínú omi yìí, òun náà ló ń wọ Dúdú lára."

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀.

"Ta lo ti sọ ọ́ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi gan-an ò tíì gbọ́."

"O ṣeun, ìyàwó mi. O ṣeun tí o kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta." Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ fi ọwọ́ yẹn nù ún.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe fóòmàn wá, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Fóòmàn mi orí.

"Abájọ tí aṣọ àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń mọ́ ju tèmi lọ. Ìyá, ẹ ṣeun, àmọ́ ó tó gẹ́ẹ́. A máa gbé báàfù yìí lọ. Ibi tí ẹ ń da omi rẹ̀ sí náà, a máa hú u lọ́la."

Inú aránṣọ kún fún ọpẹ́. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè palẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Dúdú na ọwọ́ méjèèjì, ó forí lé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá fà sẹ́yìn kíákíá.

"Ìyàwó mi, dì í mú. Òjé yẹn ṣì wà lára mi àti aṣọ mi. Bá mi mú aṣọ mìíràn wá síta níbí."

Dúdú figbe ta. Ìyá kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró sí ọ̀ọ́kán, ó sì ń fi gbogbo orúkọ ìkẹ́ tó mọ̀ pè é láti ibẹ̀, títí aṣọ fi dé.