Ọlọ́pàá Tó Di Ọ̀rọ̀ Ìyàwó Mi Mú

Èmi àti ìyàwó mi tó di olóògbé ni mo rí nínú ìwé aláwòrán àwọn akọni tó ń fò, irú èyí tí mo máa ń kà ní kékeré, tí ọlọ́pàá inú rẹ̀ kì í gba rìbá. Àìsàn ti gba ohùn ìyàwó mi kó tó kú. Níbẹ̀, ó lanu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jáde sókè orí rẹ̀ bí ìkùukùu funfun. Atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ kí n tó kà á. Ọlọ́pàá kan fò, ó rọ̀ mọ́ ọn. Mo tọwọ́ bàpò kí n fún un ní nǹkan, bí a ti ń ṣe fún tiwa.

"Ẹ fàpò sílẹ̀, Bàbá! Ẹ kà á, ó ń gbé mi lọ!"

Mo kà á: "Bàbá Délé, ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú mi. Ara ò ni mí mọ́."

Ibi tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́pàá náà ni mo ti jí.