Lẹ́tà Ẹ̀rí Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ

Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Oníbèéèrè, nítorí ọdún méjì gbáko ló fi kó ìwé ìbéèrè kiri wọ́ọ̀dù nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. Nígbà tó gba oyè másítà tán, ó ya ìdáhùn igba nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sọ́tọ̀, ó ní wọn lòun máa fi ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Ló bá fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹran ló gbé fún ajá pé kó bá òun ṣọ́ ọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì alẹ́ lòun náà, ju ìwé ìwádìí kan sórí tábìlì.

"Wọ́n ní iṣẹ́ alẹ́ kì í rẹ̀ wá. Wọ́n ní ṣe lara wa ń jí pépé sí i. Ta ni wèrè tó kọ eléyìí?"

Oníbèéèrè wo orúkọ tó wà lókè ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni. Igba nọ́ọ̀sì tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò ku ẹnì kan. Ó gbá ìwé náà mú, ó fẹ́ fà á ya. Àfi bó ṣe tún àbájáde rẹ̀ kà, tó bú sẹ́rìn-ín.

Ogún nínú ọgbọ̀n ìbéèrè náà ló jẹ́ pé òdì ni wọ́n fi béèrè wọn, kí ẹni tó ń dáhùn má baà kàn máa fa igi láìronú. Márùn-ún túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni gan-an, ọ̀kan túmọ̀ sí rárá. Ẹni tó bá fi márùn-ún sí "Ó rẹ̀ mí," ọ̀kan ló máa fi sí "Mo ń sùn dáadáa." Kéèyàn tó ṣírò wọn, ó gbọ́dọ̀ yí ti òdì padà, kí ọ̀kan di márùn-ún, kí márùn-ún di ọ̀kan. Oníbèéèrè ò tíì yí wọn nígbà tó fi fáìlì náà sílẹ̀, olè ò sì béèrè. Ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ bó ṣe bá a, ni àárẹ̀ bá di ara jíjí pépé.

"Jẹ́ ká lọ bá a níbi iṣẹ́ ẹ̀, ká bú u dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Yunifásítì mìíràn ti fẹ́ gbà á, níbi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn ọkàn. Lẹ́tà ẹ̀rí Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló kù, ọjọ́ Ẹtì sì ni gbèdéke. Bí kò bá rí i gbà, àfi kó dúró sábẹ́ olè yìí fún ọdún márùn-ún mìíràn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ka iṣẹ́ yín, ó dára gan-an ni. Ẹ ò dárúkọ mi, àmọ́ kò sí wàhálà. Lẹ́tà yẹn nìkan ni mo bá wá."

Ara tu Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó rò pé lẹ́tà náà lòun máa fi dí i lẹ́nu. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń kọ ọ́, ó ń kà á sókè bí ẹni ń súre: "Kò sí òǹkà kan tó ti ọwọ́ ọmọ yìí jáde tí mi ò lè búra lé lórí. Ẹni tó bá bá a jiyàn lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀, olúwarẹ̀ ló ṣì í." Ó fi ránṣẹ́, ó tún tẹ ẹ̀dà kan fún un.

Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ọmọ ìyá mi, o ti ríbi lọ. Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run níṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí, èmi ni mo fẹ́ ṣe é."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ Ajé ló kó ẹ̀dà igba ìwé ìbéèrè náà àti ìṣirò tó tọ́ ránṣẹ́ sáwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pè é lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ bà mí jẹ́! Màá sọ fún wọn pé irọ́ lò ń pa. Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Oníbèéèrè dáhùn. "Mo fi lẹ́tà yín sí ohun tí mo kó ránṣẹ́ sí wọn."